Ikùn Ọmọ Tó Ń Jó

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ò jẹ́ kí n gbádùn, mo bá a jí, mo bá a sùn, ó wá di pé kí n kúkú kọ ọ́ síbí. Ọ̀rọ̀ àwa òbí tá à ń mú ọmọ lọ kíláàsì ballet, ijó àwọn òyìnbó yẹn, ni. A ti ń pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yìí o. Tẹ́ ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ tèmi ti ń jó láàárọ̀ Sátidé, "ẹ káàárọ̀ sà", "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" lẹ máa gbọ́ lọ́tùn-ún lósì, àwọn bàbá gbé báàgì pińkì kọ́ èjìká, àwọn ìyá ń fẹnu di píìnnì irun mú, gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ owó kíláàsì àti ibi tí bàtà ti pọ́ọ́kú. Ohun tá a kì í sọ ni ọ̀rọ̀ ikùn. Ikùn ọmọ ọdún mẹ́fà.

Níwájú dígí

Ọmọbìnrin mi fẹ́ràn ijó yìí dénú. Kò ní tíì fọ eyín tán tí á ti dúró sí kíṣìnì, gìgísẹ̀ kan gìgísẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú síta, á di etí síǹkì mú, á máa tẹ orúnkún wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ bá bi í, á ní plié lòun ń ṣe, kẹ́ ẹ dákẹ́, òun ń ka orin. Ìyá ẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, torí náà èmi ni mò ń mú un lọ, mo sì ti mọ orúkọ gbogbo ẹ̀, plié, tendu, relevé, ọ̀rọ̀ Faransé tí mi ò rò pé ó máa wọ ilé wa láé.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo rí i tó wọ leotard ẹ̀, aṣọ ijó tó lẹ̀ mọ́ ara yẹn, ó dúró níwájú dígí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ó fa ikùn sínú débi pé egungun ìhà ẹ̀ yọ síta, ó gbé èjìká dé etí, ojú ẹ̀ le koko, ọmọ ò mí. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí, ó wá mí hìì, ikùn yọ padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í wọlé, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Kí lò ń ṣe?"

Ó ní, "Dádì, mò ń fi ikùn mi pamọ́ ni. Tíṣà ní ká fà á sínú. Tèmi kì í dúró síbẹ̀."

Ohùn tó fi sọ ọ́ ló dùn mí jù. Kò sunkún, kò ráhùn, ó kàn sọ ọ́ bí ìgbà téèyàn ń sọ pé òjò ń rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá ẹ̀ dín dòdò kó tó lọ síbi iṣẹ́, ọmọ yìí tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ iná ló máa ń dúró sí tí wọ́n bá ń dín in, kí èyí tó jóná díẹ̀ létí lè di tiẹ̀, jẹ ẹyọ kan tàbí méjì, ó ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun ti yó. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mi ò pariwo, mi ò fi tipá bọ́ ọ. Mo gbé dòdò yẹn bo, mo sì mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, èmi àti tíṣà á sọ̀rọ̀.

Ohun tí tíṣà ṣe

Mo dé síbẹ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Tíṣà wọn, ọ̀dọ́bìnrin òyìnbó kan tí ohùn ẹ̀ kì í ga, ń to àga kúrò lọ́nà. Mo ṣàlàyé ohun tí mo rí, mi ò fi ẹ̀sùn kankan kún un, mo kàn bi í pé kí gan-an lẹ fẹ́ kí ọmọ ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá ní kó fa ikùn sínú? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ká wọlé, ká jókòó, àwa òbí gbogbo, òun fẹ́ ká rí i.

Ó ní kí àwọn ọmọ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí pákó gbọ̀ngàn yẹn, gbogbo wọn, pẹ̀lú sọ́kìsì wọn tó ń yọ̀, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé ikùn. Ó ní kí wọ́n mí. Ikùn wú, ọwọ́ gòkè, ikùn lọlẹ̀, ọwọ́ wálẹ̀, ọmọ kan ń rẹ́rìn-ín, òmíràn ń wo òrùlé. Mo ń wo tèmi. Ó wo tíṣà lójú bí ẹni tí kò dá a lójú pé wọ́n gbà kí ikùn wú níbí. Tíṣà wá ní kí wọ́n máa pe ohùn ejò, kó pẹ́ lẹ́nu wọn, ṣṣṣṣṣ, kí wọ́n fi ọwọ́ wò ó bóyá nǹkan kan ń le lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Gbọ̀ngàn kún fún ejò. Ọmọ mi ṣe ṣṣṣṣṣ títí tí èémí ẹ̀ fi tán, ó ṣí ojú kalẹ̀, ó ní, "Ó le o! Dádì, ó le!" Tíṣà ní, èyí tó le yẹn ni mo ní kẹ́ ẹ máa lò. Ẹ dìde dúró, ẹ ṣe é lórí ìdúró, kẹ́ ẹ sì máa mí lọ.

Ohun tó ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn ìyẹn rèé, mo sì fẹ́ kí gbogbo òbí gbọ́ ọ. Iṣan kan wà nísàlẹ̀ nínú ikùn tó yí ìbàdí po bí ọ̀já tí ìyá fi pọn ọmọ. Òun ló ń mú ẹ̀yìn dúró nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá kúrò nílẹ̀. Bó bá ṣiṣẹ́, ọmọ lè mí, ó lè sọ̀rọ̀, ó lè rẹ́rìn-ín. Tí ọmọ bá dá èémí dúró, tó wá ń fi agbára fa ara wọlé, èjìká á gòkè, ọrùn á kúrú, ijó ò ní ṣeé jó. Ó ní ikùn ọmọ kékeré máa ń yọ síwájú, ẹ̀yìn ẹ̀ náà á tẹ̀ díẹ̀, torí iṣan ibẹ̀ ò tíì lágbára, ó máa ń yanjú bí ọmọ bá ń dàgbà. Kì í ṣe àrùn, kì í ṣe ọ̀bùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Látọjọ́ náà ni kò ti sọ "ẹ fa ikùn sínú" mọ́. "Ejò" ló ń sọ. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an. Tíṣà míì á bínú pé òbí wá bi òun léèrè iṣẹ́.

Ijó tó fẹ́ ara tẹ́ẹ́rẹ́

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, ọ̀rọ̀ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tíṣà kan. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀, ojú ẹ̀ wà lára bọ́ọ̀lù. Ọmọ tó ń jó ballet wọ aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ara pinpin, ojú ẹ̀ wà lára dígí, ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ sì ni wọ́n ń tún ṣe, gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè, na orúnkún, gbé àgbọ̀n. Fún wákàtí kan gbáko. Tó bá wá lọ wo àwọn tó ń jó lórí ìtàgé ńlá, ara kan náà ló máa rí níbi tó pọ̀. George Balanchine, ẹni tóun àti Lincoln Kirstein dá ẹgbẹ́ oníjó New York City Ballet sílẹ̀ lọ́dún 1948, fẹ́ràn oníjó tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn, ohun tó fẹ́ràn yẹn sì di òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ballet ń fi wo ọmọ ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọkùnrin yìí kan náà ló fi Arthur Mitchell, ọmọ dúdú láti Harlem ní New York, sórí ìtàgé pẹ̀lú obìnrin funfun nínú ijó ballet tó ń jẹ́ Agon lọ́dún 1957, nígbà tí ẹ̀yà méjì ò lè jókòó pọ̀ jẹun níbi púpọ̀ ní Amẹ́ríkà. Èèyàn á ṣí ilẹ̀kùn kan, á ti òmíràn. Mitchell kò dúró dè é kí ẹlòmíì ṣí èyí tó kù, òun àti Karel Shook dá ẹgbẹ́ oníjó Dance Theatre of Harlem sílẹ̀ ní 1969, níbi tí ọmọ dúdú ti lè wo dígí kó rí i pé ara òun náà jẹ́ ara oníjó.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ọmọ tiwa ń gbé ẹrù méjì. Ti ikùn àti itan wà níbẹ̀, ti àwọ̀ náà wà níbẹ̀. Tights pińkì, sọ́kìsì gígùn tó dé ìbàdí, àti bàtà pińkì yẹn, wọ́n yàn án kó lè jọ awọ òyìnbó, kí ẹsẹ̀ lè hàn gùn láti ìdí dé orí ìka. Lẹ́sẹ̀ ọmọ dúdú, ó gé ẹsẹ̀ sí méjì ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníjó dúdú fi ń ra páńkéèkì, àtíkè tí wọ́n ń fi kun ojú, tí wọ́n ń fi kùn bàtà wọn kó lè jọ awọ wọn. Ọdún 2018 ni Freed of London, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà ijó, àti Ballet Black, ẹgbẹ́ oníjó tí Cassa Pancho dá sílẹ̀ ní 2001, jọ gbé bàtà pointe, bàtà líle tí wọ́n fi ń dúró sórí ìka, aláwọ̀ ilẹ̀ jáde. 2018 o! Èyí ò ṣẹlẹ̀ láyé bàbá wa, àná ni. Nítorí náà, tí tíṣà yín bá gbà, ẹ ra tights tó jọ awọ ọmọ yín. Tí kò bá tíì sọ nǹkan kan, ẹ béèrè. Kì í ṣe ìjà, ọ̀pọ̀ wọn á gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Màmá mi dé láti Ìbàdàn

Láàárín ọ̀rọ̀ yìí ni màmá mi wá kí wa. Wọn ò tíì rí ballet rí, àfi lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ jó fún wọn ní pálọ̀, wọ́n wò ó, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ṣé bí ẹni tó fẹ́ jó bàtá ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀ un?" Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀, mà. Wọ́n ní, "Ó dáa, àmọ́ ó tètè ń dìde." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Oníbàtá á tẹ orúnkún, á tẹ àyà síwájú, á dúró síbẹ̀ bá ìlù sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń bá ṣeré. Ballet á tẹ orúnkún kó lè fò. Ọmọ mi rí i fúnra ẹ̀ nígbà tí màmá mi dìde, wọ́n so ìró wọn le, wọ́n fi ẹnu lu ìlù, wọ́n sì jó fún un. Màmá mi ò fi ikùn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ikùn, ìbàdí, èjìká, gbogbo ẹ̀ ló jó. Ọmọ náà bọ́ sí i, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, mo dúró síbẹ̀ mò ń ya fídíò, inú mi dùn ju kí n sọ lọ. Inú dídùn ló ń mú orí yá, ọmọ tí inú ẹ̀ dùn sí ara ẹ̀ ni tíṣà lè kọ́ ní nǹkan.

Àmọ́ màmá mi yìí náà ni, àtàwọn àǹtí tó ń pè lórí WhatsApp, "Ah, ó ti sanra o, mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́!" Ẹlòmíì á ní, "Kí ló dé tó rù báyìí, ṣé wọn ò fún un lóúnjẹ ni?" Ìfẹ́ ni. Báyìí ni wọ́n ṣe kí àwa náà, kò sì pa wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fi wákàtí kan wo ara ẹ̀ nínú dígí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kì í gbọ́ ọ bí ìkíni, ó ń gbọ́ ọ bí máàkì. Mo bẹ màmá mi, mo dọ̀bálẹ̀ pàápàá, mo ní mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara ọmọ yìí mọ́ nílé yìí, ẹ má yìn ín, ẹ má bù ú, ẹ sọ ohun tí ara náà ṣe. Ẹ ní ẹsẹ̀ ẹ dúró dáadáa lónìí. Ẹ ní o fò, a ò gbọ́ ariwo nígbà tó o balẹ̀. Wọ́n ronú sí i, wọ́n ní, "Kò burú, a ó máa kí ẹsẹ̀." Wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Kódà àwọn ni wọ́n ń bá mi dá àwọn àǹtí lẹ́kun.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, wọn ò gba àríyànjiyàn lórí ẹ̀, èmi náà ò sì gbà. Ọmọ tó ń jó gbọ́dọ̀ jẹun. Bí oúnjẹ ò bá tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe, egungun ni yóò san gbèsè náà lẹ́yìn ọ̀la, àwọn ọmọbìnrin tó ń jó tí wọn ò jẹun tó máa ń fi egungun ẹsẹ̀ sán, nǹkan oṣù wọn sì lè pẹ́ kó tó dé tàbí kó dáwọ́ dúró. Ní Sátidé, àkàrà àti ògì ni láàárọ̀ kùtù, kó ti dà kó tó lọ jó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan nínú báàgì fún ẹ̀yìn kíláàsì. Dòdò ti padà sípò ẹ̀.

Bàtà àti irun

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàtà kíákíá torí mò ń rí i níbi gbogbo. Àwa Yorùbá, bàtà tó tóbi díẹ̀ la máa ń rà, kí ọmọ lè dàgbà sínú ẹ̀. Ti ìwé, kò burú. Ti ballet, ẹ má dán an wò. Aṣọ bàtà tó ṣẹ́ kù níwájú ìka á ká mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀, á gbé e ṣubú, tíṣà náà ò sì ní rí ohun tí ìka ẹ̀ ń ṣe. Ó gbọ́dọ̀ bá ẹsẹ̀ mu gẹ́lẹ́, láì há. Ẹ rán rọ́bà ẹ̀ fúnra yín, ẹ so okùn iwájú yẹn kẹ́ ẹ tì í sínú. Leotard, ẹ ra tòkúnbọ̀, kò sóhun tó ṣe é.

Irun ló gba ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí irun wà lókè, kó dì, kó má bọ́ sójú. Mo ti rí ọmọ dúdú tí wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì fa irun iwájú orí ẹ̀ títí tó fi ń já, torí pé òbí rò pé bí ti òyìnbó ló gbọ́dọ̀ rí. Màmá mi wo fọ́tò tí tíṣà fi ránṣẹ́, wọ́n ní, "Ṣùkú kọ́ nìyí?" Wọ́n jókòó sórí àga, ọmọ jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún wọn, wọ́n ya irun, wọ́n pa á láti etí, láti ìpàkọ́, láti iwájú, gbogbo ẹ̀ kó gòkè sí àtàrí, wọn ò fà á le, wọ́n ká ìdí ẹ̀ kékeré sókè, wọ́n fi píìnnì díẹ̀ dè é. Wọn ò fi àfikún púpọ̀ sí i kí orí má wúwo, torí orí tó wúwo kì í yí dáadáa. Ó dúró láti Ẹtì dé Ẹtì tó tẹ̀ lé e. Tíṣà ní òun ò tíì rí irun tó dúró tó bẹ́ẹ̀, ó bi ọmọ mi léèrè ẹni tó ṣe é, ọmọ náà ní, "Grandma mi ni, láti Ìbàdàn," ó gbé àgbọ̀n sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó gbé e.

Ẹni tó ń sáré

Àwọn ẹbí máa ń fi fídíò ránṣẹ́ sí mi, ọmọ ọdún 7 tó dúró sórí ìka nínú bàtà líle, wọ́n á ní tiyín ńkọ́, ìgbà wo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ lé wọn. Egungun ẹsẹ̀ ọmọdé ò tíì le tán, tíṣà tó mọṣẹ́ kì í gbé bàtà pointe fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún 11 tàbí 12, tí kò sì tíì fi ọdún púpọ̀ kọ́ agbára ẹsẹ̀ àti ikùn yẹn. Bákan náà ni ẹ má ṣe tẹ itan ọmọ sílẹ̀ nílé kó lè ṣe split, kó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbalaja sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń yí síta, egungun ìdí ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ti ọmọ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, ẹni tó bá fi orúnkún tàbí ọrùn ẹsẹ̀ fipá yí i, orúnkún ni yóò bà jẹ́. Bí ọmọ bá sì ṣàdédé ga, egungun lè ṣáájú iṣan, ohun tó ń ṣe lóṣù tó kọjá lè má ṣeé ṣe mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ti ìdánwò náà ń kó bá wa. Royal Academy of Dance, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ballet, ní Primary, wọ́n ní Grade 1 dé 8, ẹ sì mọ àwa àti ìwé ẹ̀rí. Mo gbọ́ bàbá kan tó ń bi ọmọ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé, "Kí ló dé tí tìẹ fi jẹ́ Merit, tí kì í ṣe Distinction tó ga jù?" Ọmọ náà ò tíì tú bàtà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, irú ìbéèrè yẹn ló ń di ikùn tí wọ́n ń fi pamọ́. Tí kíláàsì bá parí, ohun tí mò ń bi ọmọ mi ni pé èwo ló dùn mọ́ ẹ jù lónìí. Nígbà míì á ní ejò. Nígbà míì á ní bísíkíìtì.

Fún ìyá tó bi mí léèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì

Ìyá kan dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, ó ní ọmọkùnrin òun, ọmọ ọdún márùn-ún, ti ń fò káàkiri ilé, ó fẹ́ lọ, bàbá ẹ̀ ló ń lọ́ra. Mo ní mà, ẹ rántí Anthony Madu, ọmọ ọdún 11 tó jó lẹ́sẹ̀ lásán nínú òjò ní Èkó lọ́dún 2020, tí gbogbo ayé wo fídíò ẹ̀. Leap of Dance Academy ní Ajangbadi ló ti kọ́ ọ, níbi tí Daniel Ajala, tó fi ìwé àti fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ara ẹ̀, ti ń kọ́ àwọn ọmọ láì gbowó láti 2017. Ọmọ yẹn sì wọ Elmhurst Ballet School ní Birmingham níbí. Ẹ fi fídíò náà han bàbá ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kẹ́ ẹ wo kíláàsì kan. Ẹ wò ó bóyá àwọn ọmọ ń mí, bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ bi tíṣà pé ọdún mélòó ló ń jẹ́ kí ọmọ lo pointe, kí ló ń sọ tí ikùn ọmọ bá yọ. Tí ìdáhùn ẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, kó wọ ṣòkòtò kúkúrú àti síńgílẹ́ẹ̀tì, kò tíì yẹ kẹ́ ẹ ra nǹkan kan. Kíláàsì tiwa máa ń gbà kí ọmọ tuntun dán an wò lẹ́ẹ̀kan láìsanwó. Aago mẹ́wàá ni, màá wà lẹ́nu ọ̀nà, kó jẹun wá.